Àpótí Lámídì

Ọjọ́ kẹta tí iná jó ilé Ìyá Múníná ní Pápá,
tí wọ́n fi ọ̀pá tú eérú, wá ìwé ilẹ̀ tì,
bàbá mi fi ọmọlanke ti òkú fíríìjì wálé láti Ìta-Òpó.
Ó họ fóòmù inú rẹ̀ dànù.
Ó ní ọ̀rẹ́ iná ni fóòmù.

Jórinjórin ni. Ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa yìí.
Iná ti bu apá rẹ̀ jẹ níbi mẹ́rin,
kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn iná fún un.

Ó jó páànù, ó fi ṣe àpótí kékeré,
ó gbé e sínú ńlá, ó fi àlàfo ìka mẹ́ta sílẹ̀ yí i ká.
Ó po pí-ó-pì, ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé olówó,
ó rọ́ ọ sáàárín, ó ń fi igi gún un kí ó má baà ní ihò.
“Omi ló wà nínú nǹkan yìí,
omi tó sùn, tó ń ṣe bí òkúta.
Bí iná bá dé, á jí, á di oru,
iná ò ní mọ̀ pé ọ̀sà lòun ń bá jà.”
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ̀fọn jẹ mí yó.

A fi pákó dáná yí i ká lẹ́yìnkùlé,
wákàtí kan gbáko lórí aago Bọ̀dá Múyíbì.
Kò fi ìwé gidi sí i o.
Fọ́tò olóṣèlú kan ni, tó ṣèlérí omi ẹ̀rọ.
Nígbà tí a ṣí i, ọkùnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín,
eyín rẹ̀ ò tilẹ̀ dúdú.

Ènìyàn mẹ́fà ló gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.
Ìwé ilẹ̀ wọlé, ìwé ẹ̀rí mi wọlé,
àti fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá mi yà kó tó kú.
Ìyá Múníná wá wò ó. Kò mú nǹkan kan dání.
Ó fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ, ó lọ.

Òjò Òkúdù dé. A ṣí àpótí:
ìwé ti bu, ó hu irun funfun,
etí ọ̀tún ìyá mi ti ṣí kúrò lára fọ́tò.
Iná kọ́.
Omi tí a fi pamọ́ ló ń mí.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́.
Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ọmọdé pa láyò.
Ó lọ tọrọ èédú lọ́dọ̀ Rísíkátù tó ń yan ẹja,
ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ mi àtijọ́, ó gbé e sáàárín ìwé
kí ó máa fa ọ̀rinrin mu.

Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú.
Nílé tiwa, iná kú, ó ku èédú,
a gbà á síṣẹ́ ọdẹ.

Bàbá náà ti lọ. Èmi ni mo ń pààrọ̀ èédú lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.
Etí ìyá mi kò padà.
Ìyókù ojú rẹ̀ wà.