Ìṣẹ́tí Ẹ̀wù

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Bàbá wa kò wolé, ìta ló wò,
ó rí i pé yìnyín ti bo ilẹ̀kùn dé ìdajì,
ó sì sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Nives, ọmọ yìnyín.
Èmi, ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n bí mi, wọn ò rí nǹkan kan wò.
Dína ni wọ́n kàn ń pè mí.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ogun jókòó sórí òkè wa.
Àwọn ará Jámánì wà lókè, nínú igbó kásítáńyà,
àwọn ará Bùràsílì wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò,
Roncaldo wà láàrin, bí ẹran láàrin eyín.

Jurandir dé ilé wa pẹ̀lú ìbaaka méjì àti ikọ́.
Darandaran ni níbi tó ti wá,
níbi tí òtútù kò mọ ọ̀nà dé.
Ó tọrọ koríko gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá wa.
A rò pé ti ìbaaka ni.
Ó bọ́ bàtà, ó ki koríko bọ̀ ọ́,
ó ki ìwé ìròyìn lé e,
ó wá ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.
Nives rẹ́rìn-ín.
Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti bá ogun lọ sí Rọ́ṣíà,
n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Nives sọ ọ́ fún un.
Ọkùnrin náà wo ìta, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìta.
Èdè wọn àti èdè wa kì í ṣọmọ ìyá,
ọmọ bàbá kan ni wọ́n,
yìnyín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu àwọn méjèèjì.
"Ohun tí mo ń sá fún láti àárọ̀," ló wí,
"òun náà rèé tó ń bu ọbẹ̀ fún mi."

Èmi ni mo ń bá wọn ru ọ̀rọ̀.
Ṣúgà onígun kan ní àlọ, ọ̀kan ní àbọ̀.
Mo lè sọ ohun tí mo rí
nínú ahéré tí a ti ń sá kásítáńyà sí èéfín,
ṣùgbọ́n mo jẹ ṣúgà wọn.
Ẹnu jẹ, ojú tì.
Ìyá wa náà mọ̀. Kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn ń ro ìyẹ̀fun lórí iná
bí ẹni tó ń bá ìkòkò jà.

Lóṣù kejì wọ́n gba òkè náà.
Òru kan péré ló padà wá, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀,
ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ti ń móoru.
Irọ́ ni. Yìnyín ṣì wà lórí òrùlé.

Lẹ́tà kankan kò dé.
Bóyá ikú ni, bóyá ìyàwó ni,
bóyá màlúù ló kàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ovidio tó ń lọ ìyẹ̀fun wá tọrọ rẹ̀,
aṣọ kò sí lọ́jà.
Nives ri ẹ̀wù náà sínú omi èèpo àsálà,
ó kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di dúdú.
Ovidio wọ̀ ọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó wọ̀ ọ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì.
Apá rẹ̀ gùn jù fún un:
láràárọ̀ á ká a sókè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lósì,
kò sì bèèrè ẹni tó ni apá gígùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kú, èmi ni mo fọ ẹ̀wù náà fún ìsìnkú.
Ìka mi kan nǹkan ní ìṣẹ́tí:
hóró kọfí mẹ́ta, ó le bí òkúta.
Mo mọ ọwọ́ tó rán an;
Nives máa ń fa òwú jù.
Mo gbé e lọ bá a nídìí àdògán.
Mo ní ṣé kí n yọ ọ́?
Ó wò ó pẹ́.
"Fi í síbẹ̀," ló wí, "kí òtútù má baà mú un."

N kò bèèrè pé ta ni.
Ṣúgà wọn ṣì wà lẹ́nu mi.