Ọwọ́ Pétérù

Ní Ìfọ́fín, lẹ́yìn ilé ẹlẹ́rọ ata tó ti kógbá sílé,
ààrò kan wà tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ bí kànga.
Kò sómi níbẹ̀. Iná ló wà nísàlẹ̀.
Hasimíkì, ìyàwó ẹnjiníà tó wá la ọ̀nà Àkúrẹ́,
ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ọkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò.
Obìnrin náà ò lọ.
Ó ní òkè ló pọ̀ ní Àméníà àwọn,
òkè Iléṣà náà tó ohun téèyàn ń fẹ̀yìn tì.

Mo máa ń wò ó bó ṣe ń na ìyẹ̀fun lórí apá,
tínrín, tínrín, títí ojú á fi máa rí ọwọ́ rẹ̀ lódìkejì.
Á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààrò, pàá!
bí ẹni ń lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ igi iná.
Kóo tó kà dé ogún, ó ti jinná.
A kì í jẹ gbogbo rẹ̀. A ń sá ìyókù sórí okùn
títí á fi máa dún kàràkàrà bí ewé ìgbà ọyẹ́.
“Oúnjẹ òtútù ni,” ó ní. “Oṣù mẹ́fà, kò ní bàjẹ́.
Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, á jí.”
Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: á jí,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èèyàn.

Ìbídàpọ̀, ọmọ akọ̀wé pátákó ṣọ́ọ̀bù,
ló kọ́kọ́ rí ojú lára búrẹ́dì:
iná ti fi àpá dúdú méjì sí i, bí ìpéǹpéjú.
“Màmá, ẹ má jẹ eléyìí.”
Ó po osùn mọ́ pupa ẹyin, ó lọ ẹ̀lú, ó gún èédú.
Ó ya Màríà, ó wé gèlè fún un
bí ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ń lọ gba gbèsè òṣómàáló.
Ó ya Pétérù, kọ́kọ́rọ́ ọ̀run lọ́wọ́ ọ̀tún.
Méjìlá ni gbogbo wọn. A gbé wọn kọ́
sí ìjọ Òkè-Ẹ̀sọ̀ lọ́sẹ̀ Àjíǹde.

Bàbá Ìjọ Ògúnṣakin dìde tọ̀pá-tọ̀pá:
“Èló ni àpò ìyẹ̀fun lónìí?
Ẹ ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀ṣọ́, ebi ń pa ọmọ.”
Kò sẹ́ni tó fèsì. Òótọ́ ló sọ.
Hasimíkì ń wo ilẹ̀,
ó ń nu ìyẹ̀fun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Òru Ẹtì Rere ló ṣẹlẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, Pétérù ò ní ọwọ́ ọ̀tún.
A ní eku ni.
A wò ó dáadáa: eyín kéékèèké ni,
níbi tí eyín iwájú méjì ti ká,
búrẹ́dì ṣẹ́kù síta bí ahọ́n.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ìyá onígi ìdáná,
jókòó lórí bẹ́ǹṣì kẹta, ó pa ẹnu dé pinpin.
Bàbá Ìjọ rí osùn létè rẹ̀.
Mo rò pé yóò pariwo.
Ó bọ́ fìlà, ó jókòó,
kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Lọ́sàn-án, Ìbídàpọ̀ gbé àtè àti búrẹ́dì tuntun dé.
Hasimíkì gbá a lọ́wọ́ mú.
“Fi í sílẹ̀. O ò rí i pé ó ti parí ni?”

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn jo gba òrùlé, ó kán sí Màríà lórí.
Kó tó dọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀,
ó tẹrí ba, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.
Ìkán àti hunhun ló pín àwọn yòókù.
Hasimíkì ti sùn lẹ́yìn ìjọ, ààrò ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí.

Ọwọ́ Pétérù nìkan ni mo ṣì ń rí:
Rẹ̀mílẹ́kún ń fi ka owó igi,
ó ń fi gbá ojúlé,
ó sì ń jù ú sí mi tí mo bá ń kọjá ní Ìfọ́fín.