Ọdún Tí Kò Dúró De Oòrùn

Ní erékùṣù wa, ọdún tuntun kì í bá oòrùn wọlé.
Oòrùn ti lọ láti ìparí oṣù kọkànlá,
kò dágbére, kò sọ ọjọ́ àbọ̀.
Aago ló ń wí pé ilẹ̀ ti mọ́,
fèrèsé ń bá a jiyàn.
Òkun ń hó, òkùnkùn bolẹ̀,
okùn ọkọ̀ ń ké létí èbúté;
ẹni tí yóò bá dìde lásìkò yìí,
okun inú ara rẹ̀ ni yóò fi tanná.

Jorid dìde.
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
ọ̀bẹ ti bu ìka rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹja tí ẹ̀yin ọ̀nà jíjìn ń pè ní pánla,
tí í le bí pákó kí ó tó rọ̀ nínú ọbẹ̀ yín,
èmi àti òun la jọ ń là á nínú,
ọdún kẹtàdínlógún rèé, èjìká sí èjìká.

Ó fa páálí iyọ̀ ya,
ó kọ̀wé sí i lórí tábìlì ìjẹun wa,
láàárín búrẹ́dì àti kọfí tó ti tutù:
Màá gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá atukọ̀ lọ́dún yìí.
Kò kọ "mo máa gbìyànjú."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín.
Ọmọ ogún ọdún ló kún kíláàsì yẹn.
Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìwé máa ń bèèrè ọjọ́ orí?"

Ó tún kọ ọkọ̀ Edvin olóògbé sí i,
èyí tó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọ̀n fún ọdún mẹ́sàn-án,
tí àwọn ẹyẹ òkun ti sọ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀:
òun yóò rà á, yóò wà lómi kí yìnyín tó yọ́ tán.
Hallvard, ọ̀gá wa, wo páálí náà,
ó ní, "Ìwọ àti owó wo?"
"Owó tí mo fi ń bọ́ ẹ̀rù láti ọjọ́ yìí."

Ó kọ ẹ̀kẹta, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ,
lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ti ìṣáájú lọ:
Pe Torgeir.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ilé bàbá wọn ló dá ìjà sílẹ̀.
Ọdún kọkànlá nìyí; wọ́n ti ta ilé,
wọn ò tíì ta ìjà.

Èmi náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rí.
Mo ti fi sìgá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin,
sìgá ni kò fi mí sílẹ̀.
Ìpinnu mi a máa kéré, kí ó lè ríbi sá pamọ́;
mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá fẹ́ nǹkan ńlá,
òfo rẹ̀ á tóbi bákan náà.
Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta
kì í wo ẹnu àáké.
Jorid ò tilẹ̀ ní àáké,
ọ̀bẹ ẹja ló mú dání.

Ogúnjọ́ oṣù, a gun òkè lọ pàdé oòrùn,
àwọn ọmọ iléèwé, àlùfáà, àgbà tó ń tẹ̀pá.
Ó yọ bí èékánná ọmọ jòjòló,
ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tún rì.
Ẹlòmíràn ń sunkún; a kì í bi í léèrè ìdí.
Mo wẹ̀yìn, n kò rí Jorid.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, iná kékeré kan ń mì,
fìtílà orí rẹ̀, lábẹ́ ikùn ọkọ̀ Edvin,
ó ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò.
Mo pariwo pè é pé oòrùn dé.
Ó ní kí n bá òun kí i.

Fóònù Torgeir dún títí, kò gbé e.
Jorid fàlà sórí Pe nìkan,
ó fi Torgeir sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá pẹ́ńsùlù káàkiri ilé.
Mo rí i lábẹ́ àga, kò ní ẹnu.
Mo mú ọ̀bẹ ẹja mi, mo gbẹ́ ẹ.