Gba Ìwé Rẹ, Liidia

Liidia, gba ìwé rẹ. Mo ti kà á tán.
Láti Tartu dé Valga ni mo fi ka èyí tó kù,
yìnyín ń já lu fèrèsé ọkọ̀ ojú irin
bí ẹni ń gbọn àpò ìyẹ̀fun.
Àpótí irinṣẹ́ mi wà lórí itan, ìwé wà lórí àpótí.
Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, má bínú.

Ẹni tó kọ ọ́ mọ bí òkú ṣe ń sùn.
Ojú ewé kìíní: Aksel onísẹ́lò lẹ́yìn aṣọ ìkélé,
ọrun tó fi ń ta á ṣì há sí ìka rẹ̀,
bàtà kan ti bọ́, ìbọ̀sẹ̀ lu lójú àtàǹpàkò.
Ihò kékeré yẹn ni mo gbà gbọ́.
Ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu, ẹni gidi ni.
Bí gbọ̀ngàn ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ:
àga ń dún, ẹnìkan wúkọ́,
ẹlòmíràn ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan lábẹ́ ìjókòó.

Ṣùgbọ́n okùn! Liidia, okùn irin dùùrù!
Ó ní apànìyàn já a láàrin ìṣẹ́jú kan,
ọwọ́ lásán, nínú òkùnkùn.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń tún ohùn dùùrù ṣe,
ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwé, nílé opó tó fi ẹyin sanwó.
Okùn yẹn kì í já fún ọwọ́ lásán.
Ó ti ya àtẹ́lẹwọ́ mi rí, wo àpá rẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ fi pa èèyàn
yóò kọ́kọ́ bá okùn ja ìjàkadì.

Ó tún ní Rünno ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́
gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó ṣì, ó sì mọ ẹni tó ṣe é.
Ohùn kan ṣoṣo! Nínú oṣù Èrèlé!
Ní Èrèlé gbogbo dùùrù ilẹ̀ yìí ló ń purọ́:
ààrò gbẹ igi, igi sún, okùn yẹra.
Bí ohùn tó ṣì bá jẹ́ ẹ̀rí,
gbogbo àgbègbè Võru ni ìbá wà lẹ́wọ̀n.

Apànìyàn ńkọ́? Ojú ewé ogójì ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Òun nìkan ni òǹkọ̀wé kò fún ní àléébù.
Àwọn yòókù ń mutí, wọ́n ń jalè, wọ́n ń yan àlè,
òun ń fún ẹyẹ lóúnjẹ lójú fèrèsé.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ bínú sí i.
Lójú ewé tí okùn ti já,
ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ìwé:
"Irọ́. Ta ló kọ́ ọ?"
Ọ̀gá mi Endel ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀
nígbà tí mo bá fa okùn kọjá ààlà.
Ó máa ń tẹ pẹ́ńsùlù débi pé ẹ̀yìn ìwé á wú.
Mo fi ìka wò ó. Ó wú.
Níbo lo ti ra ìwé yìí, Liidia?
Ṣé nínú páálí tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé síta lẹ́yìn ìsìnkú ni?

Ó bínú títí dé ìparí, bàbá yẹn.
Ó ní Rünno dití bí ìgò.
Ojú ewé ọgbọ̀n ló ti kọ orúkọ apànìyàn,
ó fi mẹ́wàá jù mí lọ.

Àfi ibì kan:
ibi tí àwọn mẹ́ta tó kù ti padà sórí pèpéle,
tí wọ́n gbé àga Aksel síbi tó máa ń wà.
Níbi tó bá ti kan sẹ́lò, wọ́n á dúró,
wọ́n á ka iye rẹ̀ nínú ọkàn wọn,
wọ́n á tún wọlé.
Pẹ́ńsùlù kò sọ nǹkan kan níbẹ̀.
Ìlà kan péré ló fà, ìlà náà sì gbọ̀n.

Ọkọ̀ ti dé Valga nígbà náà.
Wọ́n ń dúró dè mí nílé ìwé,
èmi ṣì jókòó.

Mo ní kí o gba ìwé rẹ, àbí?
Dúró ná.
Jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Ẹtì.