Mú Kẹ̀kẹ́ Màlúù Wá

Ní erékùṣù wa ní Chiloé, níbi tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
bí aago bá lu méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, gbogbo ilé a panu mọ́.
Bàbá mi á fi àtàǹpàkò yí bọ́tìnnì rédíò, díẹ̀díẹ̀,
títí ohùn Edelmira Barría yóò fi jáde láàárín ariwo
bí ọmọ tó ń yọrí nínú ẹ̀wù òtútù:

"Sí Rosamel Chiguay, ní Quilén.
Ara aya rẹ ti yá. Ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mú ẹṣin wá."

Kò sí wáyà nígbà náà, kò sí lẹ́tà tó lè sáré ju ìgbì lọ.
Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá
yóò tò síwájú fèrèsé ilé iṣẹ́ rédíò,
yóò máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka owó,
torí pé owó náà ni.
"Àárò yín ń sọ mí": ọ̀rọ̀ mẹ́rin.
"Ẹṣin": ẹyọ kan.
Àárò ló máa ń dúró sẹ́yìn fèrèsé.

Ìyá mi Otilia mú ìṣọ́wóná yẹn wọlé.
"Ọbẹ̀." "Ilẹ̀kùn." "Òjò ń bọ̀."
N kò gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀ rí tó tó ọ̀rọ̀ mẹ́jọ,
àmọ́ bó bá ní "Jẹun,"
ọ̀rá ń kán lára ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í san owó rẹ̀.
Edelmira kò kà á rí. A kì í sọ ọ́ létí gbogbo ayé.
"Mú ẹṣin wá": ẹni náà lè jókòó lórí gàárì.
"Mú kẹ̀kẹ́ màlúù wá":
kò ní jókòó mọ́.

Ọjọ́ tó kan Ìyá mi, ọ̀dùnkún ni mò ń bó.
"Sí Baldomero Mansilla. Ọkọ̀ Ọjọ́rú. Mú kẹ̀kẹ́ màlúù wá."
Bàbá mi kò mira. Ó fọwọ́ nu iwájú rédíò
bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ.
A kò pe ẹnì kankan. Ta ni à bá pè?
Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ fi imú kan iyanrìn,
kẹ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà létí òkun nínú òjò,
fún òkú kan ṣoṣo.
Àwọn tí a ń bá jà nítorí ààlà ilẹ̀ wà níbẹ̀.
Wọ́n ṣí fìlà. Wọn kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òpó irin nàró sórí òkè.
Ojú rẹ̀ pupa, ó máa ń ṣẹ́jú sí wa lóru.
Ọ̀rọ̀ di ọ̀fẹ́. N kò bú u o:
ọmọ mi Yasna ní Punta Arenas ń kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹẹ̀dógún lóòjọ́,
ó ń fi àwòrán bàtà ránṣẹ́, àti ti oúnjẹ,
àti ojú kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ń da omijé.
Èmi náà ń fi àtàǹpàkò dáhùn.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi Nolberto kú ní ìlú ńlá.
Ó lé ní igba ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ fún mi:
wákàtí rẹ̀, orúkọ àrùn náà, ohun tó sọ kẹ́yìn nípa ọbẹ̀.
Mo kà á tán ní ilé ìdáná. Omi ń hó.
Lóde, Sótera aládùúgbò mi ń ká aṣọ tó sá,
ó ń súfèé. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀?
Inú àpò èmi nìkan ni ikú náà wà.

Mo jáde. Mo di igi ọgbà mú.
Mo fẹ́ sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nísinsìnyí, kò jáde.
Ohùn Edelmira ló gba ẹnu mi, pẹ̀lú imú dídí rẹ̀:
"Sí gbogbo ará Quilén. Nolberto. Ọkọ̀ Ọjọ́ Ẹtì."
N kò tíì parí rẹ̀ tí Sótera fi ju aṣọ sílẹ̀,
tó ń pe akọ màlúù rẹ̀ lórúkọ.