Ìyẹ̀fun Kan, Ọmọ Méjì

Ìyẹ̀fun ife mẹ́rin, omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́,
ìwúkàrà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀, òróró díẹ̀.
Ibi tí ẹnu àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ti kò nìyẹn.
Wọ́n pò ó lórí tábìlì tí mo fi ń jó irin tẹ́lẹ̀,
wọ́n da ìborùn ìyá wọn bò ó, ó ń wú
bí ẹni tó gbọ́ ìyìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjà.

Sùwébátù ní sìtìrọ́ńbólì ni ká ṣe.
Ó tẹ́ tirẹ̀ pẹrẹsẹ, ó fọ́n ọ̀bọ̀kún yíyan sí i,
èyí tó rà láàárọ̀ lọ́jà Olúwo,
tó ti yọ egungun rẹ̀ títí òórùn èéfín fi dì mọ́ ọn lọ́wọ́;
tòmátì tí a yan gbẹ, ata rodo méjì,
wàrà tí a fún omi rẹ̀ dànù
nítorí ṣíìsì ti wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, ká má purọ́.
Ó wá ká a bí ẹní ilé kéú.

Kafáyátù kò ká nǹkan kan.
Ó gé tirẹ̀ ní róbótó, ó rọ èlò sí ìdajì,
ó ṣẹ́ ìdajì kejì bò ó,
ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ mọ́ra yíká
bí ẹni ń rán ẹnu àpò owó.
"Kalisónì," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kafáyátù kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé pẹ̀lú báàgì kan,
a kò tíì bi í.

Èmi jókòó ti ààrò. Èmi ni mo fi dúrọ́ọ̀mù ṣe é
lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ jórinjórin sílẹ̀;
ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru.
Mo mọ iná. Oúnjẹ Ítálì ni n kò mọ̀.
Nítorí náà mo ń wò wọ́n bí mo ṣe ń wo irin:
níbo la ti so ó pọ̀? Ṣé ibẹ̀ á dì í mú?

Ti Sùwébátù ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ọ̀bẹ gé e:
funfun, pupa, funfun, pupa,
róbótó róbótó bí ojú agogo.
Kò sí ohun tó pamọ́. Àwọn ọmọ aládùúgbò tí kò tíì wọlé
ti mọ iye tó máa kàn wọ́n.
Bí Sùwébátù fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn:
kí o tó fìdí kalẹ̀, o ti gbọ́ iye gbèsè ilé wọn.

Ti Kafáyátù ṣì wà nínú iná.
Ó wú, ó pọ́n, ó ń dán bí bàtà Iléyá.
Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé òun ló borí.
Àfi "pò!"
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là, èlò ya sórí irin gbígbóná,
èéfín wàrà gba ẹ̀yìnkùlé dé etí ọ̀sà.

Sùwébátù ní, "O ò dá ihò sí i lórí.
Ibo lo fẹ́ kí ooru gbà jáde?"
Oúnjẹ ló ń bá wí o, oúnjẹ lásán.
Ṣùgbọ́n Kafáyátù dúró, àkísà ìgbékòkò lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ní, "N kò padà sílé ọkọ mọ́, Bàbá."
Ààrò ló kọjú sí tó fi sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo nawọ́,
mo bu ibi tó là, ibi tí wàrà ti lẹ̀ mọ́ irin tó sì jó díẹ̀.
Ó korò létí, ó dùn nínú.
"Èyí ló dùn jù," ni mo wí.
Sùwébátù ní irọ́ ni, tòun ni ẹja pọ̀ nínú rẹ̀.
Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀kan ṣì kù lórí tábìlì, ètè rẹ̀ dì pinpin.
Mo na fọ́ọ̀kì sí Kafáyátù.
Ó gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ààrò fún un.