Ohun Tí Ẹ̀gẹ́ Fi Pamọ́

Ìgò ni mo ń fọ̀ ní yàrá ìwádìí, ọdún kejìlélógún rèé.
Mi ò jókòó ní kíláàsì kankan níbẹ̀,
ṣùgbọ́n kànìnkànìn kò dí mi létí.

Lánàá, Fádérẹra já ewé ẹ̀gẹ́,
ó gún un nínú odó funfun kékeré,
ó ní, "Bùọ́dà, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Òórùn yẹn ló tọ́ mi dàgbà ní Ìlódè,
lẹ́yìn ẹ̀rọ tí màmá mi fi ń rin ẹ̀gẹ́,
níbi tí omi inú àpò ti ń ṣàn lọ sí gọ́tà
tí a sì ń lé adìẹ kúrò nídìí rẹ̀.

Ó ní yàrá méjì ló wà nínú ewé:
ṣúgà kan tó pọn ikú sẹ́yìn wà nínú ọ̀kan,
òṣìṣẹ́ tó mọ ẹrù náà tú wà ní ìkejì,
ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wọ́n.
Ọjọ́ tí eyín ewúrẹ́ bá wó ògiri
ni wọ́n pàdé.

Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ náà.
Ó tú ọ̀kan tán, ó na ọwọ́ sí òmíràn,
kò rẹ̀ ẹ́, kò béèrè owó oṣù.
(Èmi béèrè. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí.)

Mo rántí ewúrẹ́ Ìyá Awósùnlé
tó já wọ oko wa lọ́nà Ifẹ̀wàrà,
tó jẹ ewé títí, tó wá ń gbọ̀n.
Wọ́n ní màmá mi ló fi nǹkan sí ewé.
Ẹjọ́ dé iwájú baálé. Màmá mi búra, ó sunkún.
Kò sẹ́ni tó bi ewé léèrè.

Bẹ́ẹ̀ igi ẹ̀gẹ́ kan náà,
èyí tí mo kì bọ agolo mílíìkì lójú fèrèsé,
ti tẹ̀ bí ọmọ tó ń yọjú wo àlejò.
Òṣìṣẹ́ mìíràn wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀,
wọ́n ń po oògùn ìdàgbà, ìwọ̀nba kín-ún.
Oògùn náà ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ò dé,
ẹ̀gbẹ́ yẹn á gùn ju èkejì lọ.
Òkùnkùn ló ń tì í síbi ìmọ́lẹ̀.

Lálẹ́, mo pe màmá mi lórí fóònù.
Mo ní, "Ewúrẹ́ ọjọ́sí, ẹ̀yin kọ́ o."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣé èmi lo wá ń sọ ọ́ fún?"